Áńbúláǹsì Tó Ń Gbé Òkú Wálé

Ní ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ láti ọ̀nà Òbájánà: fèrè áńbúláǹsì, ó ń ké bọ̀ wọ Kábbà. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì á ju bírò sílẹ̀, wọ́n á rọ́ lọ sójú fèrèsé. Mi ò tíì gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ta ló ń ṣàìsàn. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, "Tíṣà, òkú ta ni?"

Wọn ò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n bá láyé nìyẹn. Ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kábbà dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn èèyàn wa tó wà ní Àbújá àti Èkó ni wọ́n ń gbé wálé nínú ọkọ̀ yẹn. Ọjọ́ Ẹtì fún àìsùn, ọjọ́ Sátidé fún ìsìnkú. Àkọ́bí á jókòó síwájú, á gbé fọ́tò olóògbé lé itan. Bọ́ọ̀sì méjì mẹ́ta á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ wọ ẹ̀wù kan náà tí ojú olóògbé wà láyà rẹ̀. Ọkọ̀ náà á mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́. Àgbélébùú pupa á wà lára rẹ̀, iná orí rẹ̀ á máa kọ mànà.

Mo sábà máa ń wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n sì máa ro ó pé: nígbà tí ẹni tó wà nínú pósí yìí ṣì ń mí, tó nílò ibi tó máa dùbúlẹ̀ sí, kí ni wọ́n fi gbé e? Ẹ̀yin náà mọ̀. Ọkọ̀ Golf ni. Wọ́n fi í sáàárín èèyàn méjì ní ẹ̀yìn Golf, wọ́n ń gbé orí rẹ̀ dúró. Bí kò bá sí Golf, ọ̀kadà ni, tí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú bí ẹni dì ẹrù.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní Èkó kí n tó padà sílé wá máa ṣe tíṣà. N kò ì tíì pẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan ṣubú lulẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Ìyànà-Ìpájà. Ẹnì kan tẹ 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, lórí fóònù. Nígbà tó yá, a gbọ́ fèrè. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ṣí fìlà, mo tẹrí ba bí a ti máa ń ṣe nílé bí òkú bá ń kọjá. Kọ́ńdọ́ dánfó kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ dé fìlà yín o, kò tíì kú!" Gbogbo ibùdókọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà, wọ́n bi í ní orúkọ, wọ́n fi ohun ìmí bò ó lẹ́nu àti nímú níbẹ̀ níta gbangba. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e wọlé, ó ti ń bá wọn jiyàn pé òun fẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ẹgbẹ́ áńbúláǹsì tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní LASAMBUS, sílẹ̀ láti 2001. Ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún náà ti lè gbéyàwó. N kò sọ pé Èkó pé o. Gó-silóò Èkó kò mọ aláìsàn, kò sì mọ ẹni tó le. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó tó bá gbọ́ fèrè, ó ń ronú nípa ẹni tó lè yè. Ọmọ Kábbà tó bá gbọ́ ọ, ó ń ronú nípa ẹni tí wọ́n máa sin lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òru kan.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni, nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo lọ kí àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ìsánlú. Iṣu tuntun ti jáde, a gún iyán, a jẹ ẹ́ títí ikùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ní nǹkan bí aago kan òru, Màmá, ìyàwó rẹ̀, kan ilẹ̀kùn mi. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá, ìyẹn ló já mi láyà. "Dìde. Ẹnu bàbá ẹ ti yí."

Ẹnu rẹ̀ yí lóòótọ́. Ife omi tó fẹ́ mu wà nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ so rọ̀ bí aṣọ tó wà lórí okùn. Ó ń sọ̀rọ̀, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ká má parọ́, kò sọ sí mi lọ́kàn láti pe nọ́ńbà kankan. Èmi tí mo gbé Èkó fún ọdún mọ́kànlá! Ìlẹ̀kùn ilé kejì ni mo sáré lọ gbá.

Bíríkìlà ló ń gbé ilé kejì. Ó ní Golf kan tó fi ń kó pákó àti sìmẹ́ńtì. Kò béèrè nǹkan kan ju "Bàbá ni?" lọ. Ó da ìjókòó ẹ̀yìn dé, ó kó ṣọ́bìrì àti korobá jáde, a tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì Màmá lé orí eruku sìmẹ́ńtì. A gbé Bàbá Kékeré wọlé, orí rẹ̀ síwájú. Èèyàn gíga ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. A fi okùn so ìlẹ̀kùn búùtù mọ́lẹ̀ láàbọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà níta. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Màmá yọ ọ̀rá tó fi ń di ẹ̀kọ, ó fi wé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó rọra so ó ní ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹni ń di ẹ̀kọ fún oníbàárà.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé kì í ṣe kòtò nìkan là ń bẹ̀rù lóru mọ́. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà náà di ohun tí èèyàn ń gbàdúrà kó tó gbà ní ọ̀sán gangan. Nítorí náà ni àwọn ọdẹ àti fijilanté ṣe ń fi igi dínà lálẹ́. A pàdé ìdènà méjì. Ní èkíní, wọ́n mọ bíríkìlà wa, wọ́n gbé igi kúrò. Ní èkejì, ọkùnrin kan tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú, ó yí lọ sẹ́yìn, ó rí ẹsẹ̀ tí wọ́n wé ní ọ̀rá.

"Òkú ni ẹ ń gbé?"

"Aláìsàn ni."

Kò gbà wá gbọ́. Ó tú ọ̀rá ẹsẹ̀ òsì, ó fọwọ́ bà á, ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ṣì gbóná," ó wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ wọ́n máa lọ." Ó tún ọ̀rá náà so kó tó kúrò níbẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a dé, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Áńbúláǹsì kan wà ní àgbàlá. Mo rí i kedere nínú iná Golf: ọkọ̀ funfun, táyà rẹ̀ tuntun, orúkọ aṣòfin tó fi ta wọ́n lọ́rẹ sì tóbi lára rẹ̀ ju àgbélébùú pupa lọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin tó mọṣẹ́. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó mi orí. Ó fún un ní ìwọ̀n tó lè ṣe, ó kọ ìwé, ó ní ká máa gbé e lọ sí ibi tó tóbi ju tàwọn lọ. Mo nawọ́ sí ọkọ̀ ìta. Ó rẹ́rìn-ín ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní bátìrì rẹ̀ ti kú láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, dírẹ́bà sì lọ síbi ìsìnkú.

A padà sínú Golf. A dé ọsibítù kejì nígbà tí àwọn àkùkọ ti ń kọ, ó ti lé ní wákàtí mẹ́rin sí ìgbà tí Màmá kan ilẹ̀kùn mi. Níbẹ̀ ni dókítà kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ti ṣàlàyé pé fún irú rọpárọsẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, oògùn kan wà tó lè yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ láti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ wọn. Ìlọrin la máa lọ. Bíríkìlà ra epo sí i, ó fọ ojú, a tún gbéra.

Bàbá Kékeré kò kú. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ìyẹn kí n tó tẹ̀ síwájú.

Ìdí tí mo fi dárúkọ Ìlọrin bẹ́ẹ̀ láìṣàlàyé ni pé ará ilẹ̀ Okun kò nílò àlàyé. Láti 1967 títí di oṣù Kẹjọ 1991, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Ìpínlẹ̀ Kwárà ni a wà, Ìlọrin sì ni olú ìlú wa. Ìjọba ti ní kí a máa wo Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà. Ará Ẹ̀gbẹ̀ tó bá gba ọ̀nà Erùkù, inú Kwárà ló bọ́ sí lẹ́sẹ̀ kan náà. Ará Ìyámoyè ń sọdá sí Ọ̀mùò ní Èkìtì kó tó rò ó pé òun fi ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Àìsàn kò mọ ààlà. Áńbúláǹsì ìjọba ló mọ̀ ọ́n, nítorí owó ìpínlẹ̀ ló ń ra epo rẹ̀, ìpínlẹ̀ ló sì ń san owó dírẹ́bà rẹ̀. Bí a bá wo ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká ṣe, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó nìkan. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímíkò jẹ́ gómìnà Oǹdó, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀re: wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó wọn, wọ́n sì ṣe kẹ̀kẹ́ Marwa ní áńbúláǹsì fún ibi tí ọ̀nà kò ti dára. Ọ̀ṣun náà ní ètò áńbúláǹsì tirẹ̀, O-Ambulance, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà. Aboyún tó wà ní Ìfẹ́dọ̀re àti aboyún tó wà ní Búnú nílẹ̀ Okun wa, Nàìjíríà kan náà ni wọ́n jọ ń kọ orin rẹ̀.

Èyí tó wù mí jù kò wá láti ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ní Gombe, wọ́n lọ bá àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ NURTW, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé aboyún tó ń rọbí láìpa á lára. Owó kọ́ ni èrè tó mú kí wọ́n gbà. Dírẹ́bà tó bá gbé aboyún lọ sí ọsibítù, bó bá padà dé gáréèjì, kò ní tò. Iwájú ló máa bọ́ sí láti kó èrò. Ẹni tó ti dúró sí gáréèjì Kábbà láàárọ̀ rí, tó ti rí bí àwọn dírẹ́bà ṣe máa ń jà nítorí tíọ̀n, á mọ̀ pé ẹni tó ronú kan èyí mọ dírẹ́bà dénú egungun. Golf ti wà nílẹ̀. Dírẹ́bà ti wà nílẹ̀. Kí ló tún kù?

Òfin náà ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì; ẹni tó bá kọ̀, owó ìtanràn ₦100,000 ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin yìí kan náà ló dá owó àpò ìlera alábọ́dé sílẹ̀, ó sì ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Inú èyí ni ètò áńbúláǹsì ti ìjọba àpapọ̀, NEMSAS, ti ń jẹun. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé áńbúláǹsì aládàáni àti ti ìjọba á forúkọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn á forúkọ sílẹ̀, èèyàn á pe 112, wọ́n á gbé e, àpò yẹn á sì san owó fún wọn. Ní àwọn abúlé, wọ́n ní kí wọ́n lo ọkọ̀ àwọn dírẹ́bà ìlú àti kẹ̀kẹ́. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ dìde kí ó dá ìgbìmọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó ní ibi tí wọ́n ti ń gbé fóònù, kí ó sì mọ ilé ìwòsàn tó ní bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ òní. Bí ìpínlẹ̀ ṣe yára tàbí bó ṣe sùn, bẹ́ẹ̀ ni ti aláìsàn ibẹ̀ máa rí. Ẹni tó bá fara pa ní títì ńlá tún lè pe 122 ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC. Ọ̀nà Òbájánà pẹ̀lú tírélà sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò jẹ́ kí nọ́ńbà náà ṣàjèjì sí wa.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí òru yẹn kọ́ mi, ni pé ọkọ̀ ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ni àwọn aṣòfin sì ń fún wa, nítorí ọkọ̀ ṣeé kọ orúkọ sí lára. Ta ló máa kọ orúkọ sára owó epo? Ta ló máa pe oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n wá ya fọ́tò bátìrì, tàbí ti dírẹ́bà méjì tó ń pín òru ṣe, tàbí ti ẹni tó jókòó ti fóònù ní aago kan òru?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Wales. Mo rò pé màá sọ ìtàn òru náà fún un kó ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà!" Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn náà, ibi tí o bá wà ló ń sọ irú áńbúláǹsì tí o máa rí. Wales ní ẹgbẹ́ kan, Scotland ní tirẹ̀, Northern Ireland ní tirẹ̀, England sì pín tirẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, yàtọ̀ sí erékùṣù kékeré kan tó ń ṣe tirẹ̀. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, ìṣẹ́jú 7 ni ìpíndọ́gba tí England ń lépa kí áńbúláǹsì fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wales fi ìṣẹ́jú 8 ṣe ìwọ̀n tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní àwọn arúgbó tó ń gbé orí òkè níbẹ̀ máa ń kùn nípa ìṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Mo béèrè pé, "Ìṣẹ́jú?" Ó ní, "Ìṣẹ́jú ni, Bọ̀dá Tíṣà." Àwa méjèèjì dákẹ́ sórí fóònù.

Ohun kan tù mí nínú díẹ̀ ṣá. Mo kà pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, títí di nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, ilé iṣẹ́ ìsìnkú ló ń ṣe áńbúláǹsì ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ọkọ̀ òkú nìkan ni èèyàn lè nà gbalaja sínú rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà, alààyè láàárọ̀, òkú ní ìrọ̀lẹ́. Ní Pittsburgh, àwọn ọlọ́pàá ló ń ju aláìsàn sẹ́yìn ọkọ̀ wọn, títí di 1967 tí ẹgbẹ́ áńbúláǹsì kan tó ń jẹ́ Freedom House bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àdúgbò kan tí kò rí iṣẹ́ ṣe bí a ṣe ń tọ́jú èèyàn nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìlú kò kà sí ló wá di ẹni tí ìlú ń pè. Mo ka ìyẹn, bíríkìlà wa ló wá sí mi lọ́kàn.

Bàbá Kékeré ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tán. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kí wọn. Bí fèrè bá ké kọjá lọ́jọ́ Sátidé, á yí sí mi, á ní, "Wò ó bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa. Èmi tí mo wà láyé, ẹsẹ̀ mi wà níta." Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, mo mú máákà lọ. Mo kọ 112 sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn gàdàgbà, mo ṣàlàyé fún Màmá. Ó gbọ́, ó dúpẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fẹ́ máa lọ, mo rí i pé ó ti mú èédú, ó sì ti kọ nọ́ńbà bíríkìlà sókè tèmi.